Ernest Ikoli, Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Jẹ́ Olóòtú Daily Times

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbé ní Èkó ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn yóò rántí pé ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pe ìwé ìròyìn ní ìwé ìròyìn. Daily Times ni wọ́n ń pè é, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ náà gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga olóòtú ìwé ìròyìn náà, díẹ̀ nínú wọn ni yóò lè dáhùn. Ernest Sissei Ikoli ni. Kì í ṣe ọmọ bíbí Èkó, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, Èkó ni ó ti ṣiṣẹ́, Èkó ni ó sì ṣojú fún ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. A mú ìtàn rẹ̀ wá sí ojú ewé yìí nítorí pé nínú ìgbésí ayé ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ni a ti lè rí bí ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn, àti ẹni tí ó ń fi owó gbé e ró, ṣe ń lọ́wọ́ nínú ohun tí à ń kà.

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Ikoli ní Nembe, ìlú àwọn Ìjọ̀ tí omi yí ká, ní agbègbè ibi tí Odò Ọya ti ń ya wọ inú òkun. Ọmọdé jòjòló ni nígbà tí ogun dé bá ìlú náà. Ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Royal Niger Company ti gba àwọn ọjà epo pupa tí ó wà lójú odò mọ́ àwọn ará Nembe lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa san owó ibodè àti owó ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè ṣòwò ní ibi tí àwọn baba wọn ti ń ṣòwò láti ayébáyé. Ní oṣù kìíní ọdún 1895, Ọba Koko àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi lọ kọlu ibùdó ilé iṣẹ́ náà ní Akassa. Ní oṣù kejì, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wá ti iná bọ Nembe. N kò sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí ọmọ yóò ṣe dàgbà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa gbọ́ bí agbára ilé iṣẹ́ òwò kan ṣe lè pọ̀ tó.

Ikoli wá sí Èkó, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní King's College, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1909. Lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù kì í yẹ̀, ọ̀wọ̀ sì ń bẹ fún un láàrin ìlú. Ní ọdún 1919, ó fi gbogbo èyí sílẹ̀, ó lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record. Bí ó bá jẹ́ lóde òní ni, àwọn ẹbí á ti pe ìpàdé lé e lórí.

John Payne Jackson, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà tí ó tẹ̀dó sí Èkó, ni ó dá Lagos Weekly Record sílẹ̀ ní ọdún 1891. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1915, ọmọ rẹ̀, Thomas Horatio Jackson, gba iṣẹ́ náà. Ìwé ìròyìn ìdílé kan ni. Kò sí ìgbìmọ̀ olùdarí tí Jackson ní láti bẹ̀rù ojú wọn kí ó tó kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ó lè máa dojú ìjà kọ ìjọba Gómìnà Lugard láìfi bò. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Ikoli ti kọ́ iṣẹ́. Ní àkókò yìí kan náà ni ó ṣe akọ̀wé ẹ̀ka Èkó ti ẹgbẹ́ tí Marcus Garvey dá sílẹ̀ ní òkè òkun fún ìgbéga àwọn ènìyàn dúdú.

Òmìnira bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1903 pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ máa tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn £250, kí ó sì mú onídùúró wá. Owó ńlá gbáà ni £250 láyé ìgbà náà. Àwọn aṣáájú ìlú Èkó fi ẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọ́. Bí a bá wo òfin náà dáadáa, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ òtítọ́. Ó kàn rí i dájú pé aláìlówó kò ní lè dé ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà.

Àwọn baba wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ní ọdún 1921, Ikoli wá èèkù idà tirẹ̀: ó dá ìwé ìròyìn African Messenger sílẹ̀. Òun ni olóòtú, òun náà sì ni onílé iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà gbà pé ó mọ ìwé kọ, pé kì í fi ọ̀rọ̀ kòbákùngbé bu ènìyàn, àti pé bí ó bá fẹ́ tako nǹkan, ó máa ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ó tó tako ó.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí, kí á wo bí irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí owó jẹun. Bébà, tàdáwà, àti àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń bá ọkọ̀ wá. Àwọn tí wọ́n mọ̀wé kà ní Èkó kò pọ̀, ẹni kan a sì máa ra ẹ̀dà kan kí ènìyàn mẹ́wàá kà á. Owó tí òǹkàwé ń san kò lè tó láé. Owó ìpolówó ọjà ni ó kù, àwọn wo ni wọ́n sì ní ọjà ńlá láti polówó? Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni, àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ òkun, tí wọ́n ń ta aṣọ, kẹ̀kẹ́, oògùn àti ọtí. Ìjọba náà ní ìkéde tirẹ̀ tí ó ń sanwó lé lórí. Olóòtú tí ó bá ń bá àwọn méjèèjì yìí jà lójoojúmọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ ibòmíràn tí owó bébà yóò ti wá.

Kì í ṣe Ikoli nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní àwọn ọdún náà, Adéoyè Dénígà pẹ̀lú Eko Akete ní ọdún 1922 àti E. A. Akíntàn pẹ̀lú Eleti Ofe ní ọdún 1923, inú ìnira kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìdà kejì, Kítóyè Àjàsà, agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Lugard, ti ń tẹ Nigerian Pioneer jáde láti ọdún 1914. Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà pé ẹnu ìjọba ni ìwé ìròyìn yẹn, wọn kì í sì í gba ohun tí ó bá kọ gbọ́ kíákíá. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́: ìwé ìròyìn lè ní owó kí ó má ní iyì.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí Adéyẹmọ Alákijà dá sí i. Agbẹjọ́rò ni Alákijà, ọmọ ìdílé Àgùdà tí ó padà dé láti Brazil, tí wọ́n ń jẹ́ Assumpção kí wọ́n tó gba orúkọ Yorùbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, òun àti àwọn oníṣòwò òyìnbó kan, Richard Barrow àti V. R. Osborne nínú wọn, fi orúkọ ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Nigerian Printing and Publishing Company. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí jẹ́ ènìyàn pàtàkì láàrin ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó. Ilé iṣẹ́ yìí ra African Messenger, wọ́n sì ní kí Ikoli wá jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn tuntun tí wọ́n fẹ́ máa tẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1926, Nigerian Daily Times jáde fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ni Ikoli rí gbà nínú pàṣípààrọ̀ yìí? Kò yẹ kí á fojú kéré rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ ìdààmú owó bébà. Dípò ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó lè bá àwọn òǹkàwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Oníṣòwò kò ní láti dúró di ọjọ́ ìparí ọ̀sẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ń lọ. A kò lè sọ pé Èkó kò jàǹfààní nínú èyí. Ilé iṣẹ́ ìròyìn tí ó ní owó lọ́wọ́ a máa ṣe ohun tí ẹyọ ẹnì kan kò lè dá ṣe.

Ohun tí ó fi lélẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù tí ó ṣáájú, òun ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni kálámù. Nísinsìnyí kálámù nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ni ilé iṣẹ́ ni wọ́n tún ń ṣòwò tí ìròyìn ń kàn: owó epo, owó orí ọjà, owó ọkọ̀ ojú irin, ìwà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sí àwọn oníṣòwò kéékèèké ọmọ ìlú. Wọn kò nílò láti wá dúró lẹ́yìn olóòtú kí wọ́n máa sọ èyí tí yóò kọ àti èyí tí kò ní kọ. Àwọn ènìyàn wa máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ní tèmi, àṣejù wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹnu lè jẹ dòdò kí ó sì sọ òdodo púpọ̀. Èyí tí ó kan dòdò fúnra rẹ̀ ni kì í fẹ́ sọ. Daily Times ìgbà náà di mímọ̀ fún ohùn tí ó rọ̀ sí ìjọba àti sí àwọn oníṣòwò. Kò purọ́ jù, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà kejì dán mọ́rán. Ní ọdún 1927, Herbert Macaulay àti Dókítà Caulcrick ra Lagos Daily News, wọ́n sì sọ ọ́ di ohùn ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Kò sí oníṣòwò òyìnbó tí ó ń darí wọn. Ní ọdún 1928, ìwé ìròyìn náà gbé àhesọ kan jáde pé wọ́n fẹ́ pa Èlékòó Eṣugbayi, ìjọba sì sọ Macaulay sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Macaulay ní òmìnira láti kọ ohun tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní ohun tí kì í fẹ́ gbọ́ nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó ra méjèèjì pọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó kà wọ́n pa pọ̀, ni ó súnmọ́ òtítọ́ jù.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi tí mò ń kọ èyí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìfitónilétí ìjọba, n kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí. Ìjọba ni ó ni ojú ewé tí ẹ ń kà yìí. Ìjọba ni ó ń san owó oṣù wa, ojúṣe wa sì ni láti sọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ará ìlú. Bí a bá kéde pé a ti tún ọ̀nà kan ṣe, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba ọ̀nà náà kọjá kí ẹ tó gbà wá gbọ́. Olùkọ́ àgbà kan tí ó tọ́ mi sọ́nà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ni ó kọ́ mi pé kí n máa wo ẹ̀yìn ìwé ìròyìn kí n tó ka iwájú rẹ̀, kí n wo àwọn tí wọ́n polówó ọjà nínú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ikoli kò pẹ́ púpọ̀ ní Daily Times. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó fi àga olóòtú sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó tún gbìyànjú pẹ̀lú ìwé ìròyìn mìíràn, Nigerian Daily Mail, ṣùgbọ́n ìgbà náà jẹ́ ìgbà ọ̀dá owó káàkiri àgbáyé: owó epo àti kòkó já wálẹ̀, ìpolówó ọjà dínkù, ìwé ìròyìn náà kò sì tọ́jọ́. Ó tún ṣe olóòtú Daily Telegraph lẹ́yìn náà. Daily Times ní tirẹ̀ kò kú. Ní ọdún 1947, ilé iṣẹ́ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ́nù rà á, àti ní ọdún 1975, Ìjọba Àpapọ̀ gba ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀. Orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ní ọdún 1934, Ikoli wà lára àwọn tí wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, pẹ̀lú Dókítà J. C. Vaughan, H. O. Davies àti Samuel Akínṣànyà. Ọdún 1936 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigerian Youth Movement. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ńlá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó, kí àgbẹ̀ má baà rí ẹni mìíràn tà á fún, ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tí wọ́n dìde tako wọn. Ní ọdún 1938 ni ẹgbẹ́ náà borí ẹgbẹ́ Macaulay nínú ìbò Èkó. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Daily Service jáde, Ikoli sì di olóòtú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti rí ohun tí ó ń wá: ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti oníṣòwò òyìnbó, tí kò sì gbára lé àpò ẹyọ ènìyàn kan.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn mìíràn ti wà lórí igbá ṣáájú. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1937, Nnamdi Azikiwe gbé West African Pilot jáde, ó sì tà bí àkàrà. Ọmọ ẹgbẹ́ Youth Movement ni Azikiwe náà. Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ṣe di ilé tí ìwé ìròyìn méjì ti ń du òǹkàwé kan náà àti olùpolówó ọjà kan náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà fọ́ sí gbangba ní ọdún 1941. Àyè kan ṣí sílẹ̀ ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin nígbà tí Dókítà K. A. Abáyọ̀mí fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Ikoli àti Akínṣànyà, ọ̀rẹ́ àtijọ́ méjì, ni wọ́n du ipò olùdíje ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ mú Ikoli. Akínṣànyà kò gbà, ó jáde dupò fúnra rẹ̀, Azikiwe sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́yìn Ikoli. Pilot àti Service bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀rọ̀ lu ara wọn. Ikoli wọlé. Akínṣànyà fi Èkó sílẹ̀, ó sì gun orí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀dẹ̀mọ Ìṣarà ní ọdún yẹn gan-an. Azikiwe kúrò nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò àti Ìjẹ̀bú sì tẹ̀ lé e.

Títí di òní, àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó fa ìjà náà. Azikiwe àti àwọn tirẹ̀ ní ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni àwọn ará Èkó fi kọ Akínṣànyà ọmọ Ìjẹ̀bú. Àwọn tí ó kù ní ọjà Pilot ni Azikiwe ń dáàbò bò, pé Daily Service ti ń gba òǹkàwé lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi rò pé méjèèjì wà níbẹ̀. Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn náà ni pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìjà fún ará ìlú, àwọn gan-an ni wọ́n ń jà. Ará Èkó tí ó fẹ́ mọ òtítọ́ ìdìbò yẹn, ọwọ́ ta ni yóò ti rà á?

Ní ọdún 1943, Ikoli kúrò lórí àga olóòtú Daily Service. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ni Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó wá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn náà. Dókítà Akínọlá Májà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà, ni ó ti Akíntọ́lá lẹ́yìn. Kò sí òyìnbó níbẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ìlú ni gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ àti alájọṣe ni wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí ó tó àkókò láti pinnu ẹni tí yóò jókòó sórí àga, ẹni tí ó ní ìpín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta. Akíntọ́lá mọ iṣẹ́ náà, kò sí àní-àní. Ikoli náà mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni Ernest Ikoli kú. Ní Port Harcourt, ìlú tí kò jìnnà sí Nembe rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Àwọn tí ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, àwọn tí ń bá olówó aládàáni ṣiṣẹ́, àti àwọn tí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ni wọ́n jọ ń jókòó níbẹ̀.